Ìwé Tí A Gbé Yí Oko Ká

Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1995, òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀ sí Àgọ́ Kẹfà, ibi tí àwa ará Tibet ń gbé ní gúúsù India. Ó ti yẹ kí ó rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Àgbàdo wa ga dé orúnkún, ewé rẹ̀ sì ti ń ká kò. Ọjọ́ Àìkú ni. Ní aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ọ̀sán ọjọ́ náà, mo ba ìwé ilé wa jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo wà ní kíláàsì kẹwàá.

Ní àárọ̀, gbogbo àgọ́ ti péjọ sí iwájú tẹ́ńpìlì. Àwọn àgbà ti pinnu pé kí a gbé àwọn ìwé Búdà yí oko ká kí òjò lè rọ̀. Ìwé 108 ni wọ́n, ilé kọ̀ọ̀kan sì mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti gbé. A kì í rán ìwé wa pọ̀ lẹ́yìn bí ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ewé gígùn tóóró ni, a kàn tò wọ́n lé ara wọn, a fi pákó kan sókè, a fi ọ̀kan sísàlẹ̀, a fi aṣọ wé e, a wá fi okùn awọ dè é pinpin.

Ìwé 107 nínú wọn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n ní Delhi, páálí ni wọ́n sì fi ṣe pákó wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọwọ́ kọ. Tiwa nìyẹn. Bàbá tó bí màmá àgbà mi ló gbé e sẹ́yìn kúrò ní Tibet ní ọdún 1959. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi rìn nínú yìnyín. Bàbá náà kú ní ọdún 1961 ní Chamba, ní àríwá India, níbi tí òun àti Màmá Àgbà ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà tí ìjọba ń là. Nígbà tí ìjọba India pín ilẹ̀ igbó fún wa ní ìhà gúúsù, Màmá Àgbà gbé ìwé náà wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gbé e sórí itan láti òkè dé ìsàlẹ̀ India, ọjọ́ márùn-ún. Láti ìgbà tí a ti dá àgọ́ sílẹ̀, Màmá Àgbà fúnra wọn ló ń gbé e yí oko ká. Lọ́dún yẹn, orúnkún wọn kò gbà mọ́. Ìyá mi ti kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1988, ikọ́ fée ló pa á. Nítorí náà, èmi ló kàn.

Bàbá Rabsel, mọ́ńkì tí ń tọ́jú àwọn ìwé, dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń pe ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wáyà ni wọ́n fi so apá kan gíláàsì ojú wọn.

"Ilé Lhakdon!"

Èmi ni Lhakdon. Mo jáde. Bàbá Rabsel wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Màmá, ọmọ yìí lẹ fẹ́ dẹ́rù rù lọ́dún yìí? Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí igi tí a fi ń po tíì."

"Ẹ wo tiyín náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀," ni Màmá Àgbà dá wọn lóhùn. "Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lónìí, aṣọ yín nìkan ló máa délé."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Rabsel fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí gíláàsì wọn fi yọ̀ wá sí imú. Màmá Àgbà gba ìwé náà, wọ́n fi kan àtàrí mi, wọ́n wá dè é mọ́ mi lẹ́yìn bí ẹni ń pọn ọmọ. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Okùn náà ń ge mí léjìká.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni wọ́n wí. "Má gbé e kalẹ̀. Má tú u. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, gbé e fún Bàbá Thogme, olórí àgọ́, kí o tó wọ igbó lọ."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"O ti gbọ́. Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, Màmá."

Kò tíì wọlé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, Yudron àti Dolkyi, wà lẹ́yìn mi nínú ìlà, àwọn náà gbé ìwé ilé wọn. Yudron ló lẹ́nu nínú wa. Dolkyi máa ń tẹ̀ lé Yudron, èmi máa ń tẹ̀ lé Dolkyi. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí nìyẹn láti kíláàsì kẹta. Ẹ̀gbọ́n Yudron ti dé láti Bangalore pẹ̀lú kámẹ́rà, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa mú wa lọ wo fíìmù ní ìlú, òun á sì ya wá ní fọ́tò. Bọ́ọ̀sì aago méjì la fẹ́ bá lọ. Kò sí òmíràn títí di aago márùn-ún.

A rìn. Àwọn mọ́ńkì ń fọn fèrè gígùn níwájú, àwọn àgbà ń ka àdúrà, erùpẹ̀ pupa ń sọ sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀, yóò tẹrí ba kí a lè fi ìwé kan án lórí. Àwọn arúgbó ló wà níwájú, bí wọ́n bá sì gbé ẹsẹ̀ kan, wọn á sinmi kí wọ́n tó gbé èkejì. Nígbà tí a dé ìdí igi máńgòrò tó wà ní ìgun kẹta oko, mo wo aago ọwọ́ Dolkyi.

"Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú," ni mo wí.

"A ti kú," ni Yudron dáhùn. "Bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń rìn, aago mẹ́rin la máa dé tẹ́ńpìlì. Ẹ jẹ́ ká yà síbí, ká gba àárín oko Bàbá Thogme. A máa gbé ìwé sílẹ̀ ní tẹ́ńpìlì, a máa sáré dé ìdí bọ́ọ̀sì."

"Mi ò lè fi èyí sáré. Ó ń fà mí lẹ́yìn."

"Ta ló ní kó o fi pákó sáré? Ìwé wúwo ni? Pákó ló wúwo. Wo tiwa, páálí lásán ni. Yọ pákó yẹn, tọ́jú ẹ̀ sídìí igi yìí. Tá a bá ti ìlú dé, o máa wá mú un."

"Màmá Àgbà ní kí n má tú u."

"Màmá Àgbà wà nílé, wọ́n ń fi bọ́tà ra orúnkún. Gbogbo kíláàsì kẹwàá ló ń lọ ìlú lónìí, Lhakdon. Lọ́la, àwọn máa sọ̀rọ̀ fíìmù, ìwọ á máa sọ ìtàn àgbàdo. Àbí pákó náà ń gbàdúrà ni?"

Dolkyi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi gbà.

N kò gbé ìwé náà kalẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí gbòǹgbò, mo gbé e lé itan, mo tú okùn, mo yọ pákó méjèèjì. Wọ́n nípọn tó ìka méjì, àwọn àgbà sì ti fín òdòdó sí èyí tòkè. Mo fi wọ́n pamọ́ sínú koríko. Nígbà tí mo fẹ́ di ìwé náà padà, okùn awọ náà kò mú un mọ́. Ìwọ̀n pákó ni wọ́n fi gé e. Mo tú ìborùn mi, mo fi so ó. Mo gbé e pọ̀n. Ó fúyẹ́. Inú mi dùn pé ó fúyẹ́.

A sáré wọ àárín àgbàdo. A kò tíì dé ìdajì oko nígbà tí ojú ọ̀run ṣú láti ìwọ̀ oòrùn. Afẹ́fẹ́ kan gbá wa láti ẹ̀gbẹ́, òtútù wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹlé bá gbéra lẹ́ẹ̀kan. Mo wẹ̀yìn.

Ìwé ilé wa wà lókè.

Kò ya. Kò já bọ́. Ńṣe ni ewé rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú aṣọ, wọ́n ń fò kọjá lórí àgbàdo, àwọn kan fò kọjá kòtò omi lọ sí oko àwọn ará abúlé kejì. Mo di aṣọ náà mú, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri bí ẹni tí wọ́n fi iná sí lára. Nígbà náà ni òjò dé.

Láti ibi tí àwọn tó ń gbé ìwé wà, mo gbọ́ tí wọ́n pariwo ayọ̀. "Òjò! Òjò ti dé o!" Fèrè gígùn ń dún, àwọn obìnrin ń nawọ́ sókè, àwọn ọkùnrin ń jó. Inú gbogbo Àgọ́ Kẹfà ló ń dùn. Èmi nìkan ni mo ń bẹ òjò pé kó dúró.

Dolkyi ti jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fi aṣọ bo ìwé tirẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sunkún. Yudron dúró fún ìṣẹ́jú kan, ó ń wò mí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sáré lọ. Mo rò pé bọ́ọ̀sì ló lọ bá. Mo ṣépè fún un nínú mi.

Kì í ṣe bọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ agogo ńlá tẹ́ńpìlì, èyí tí a kì í lù àfi tí iná bá ń jó ilé. Yudron ló ń lù ú.

Gbogbo àgọ́ dé. Bàbá Thogme ló ṣáájú. Sójà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ohùn wọn sì lè jí òkú. Wọ́n wo oko wọn, wọ́n wo ewé ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan.

"Ẹ bọ́ bàtà!" ni wọ́n kígbe. "Ẹ kúnlẹ̀! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí kò kọ́kọ́ fi ọwọ́ wò!"

"Àgbàdo yín ńkọ́, Olórí?" ni ẹnì kan bi wọ́n.

"Ṣé àgbàdo lo wá wá? Kúnlẹ̀!"

Ìṣòro kan wà. A kò lè gbé ìwé kalẹ̀ nítorí pé a fẹ́ wá ìwé. Àwọn arúgbó lọ tò jókòó lábẹ́ òrùlé tẹ́ńpìlì, wọ́n sì to àwọn ìwé yòókù lé wọn lórí itan, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, títí kò fi sí ẹni tó lè dìde mọ́. Màmá Àgbà wà láàárín wọn. Àwọn tó kù wọ inú oko. Ó lé ní igba èèyàn tó ń rá lórí eékún nínú òjò, láàárín ebè, tí wọ́n ń fọwọ́ kan ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ń rá. Tísà ìṣirò wa ń rá. Ìyàwó Bàbá Thogme gbé oyún oṣù keje, òun náà ń rá. Tí ẹnikẹ́ni bá rí ewé kan, yóò gbé e kan iwájú orí, yóò kígbe, "Ọ̀kan!" Gbogbo wa á dáhùn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, obìnrin kan tí ń jẹ́ Siddamma rékọjá kòtò omi wá láti abúlé kejì. Ará India ni, atalẹ̀ ló ń gbìn. Ó fi aṣọ sárì rẹ̀ bo ìkòkò idẹ kan mọ́ra.

"Ìwé àdúrà yín ń fò kiri nínú atalẹ̀ mi," ló sọ fún Bàbá Thogme. "Mẹ́rìndínlógún ni mo rí, wọ́n wà nínú ìkòkò yìí. Mi ò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èèyàn kì í tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Mo ti ní káwọn ọmọ mi bọ́ bàtà."

Bàbá Thogme, tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tẹrí ba fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a. Ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ní ilé iṣẹ́ rọ́ọ̀gì, àwọn obìnrin tú òwú kúrò lórí òfì méjìlá, wọ́n sì fi àwọn ewé náà há okùn tó kù lára òfì kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ wọ́n. Irun àgùntàn funfun tí a kò tíì pa láró ni wọ́n fi ń fa omi wọn. Wọ́n ń yí wọn padà ní wákàtí wákàtí. Àwọn kan nínú wọn kò sùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, ní ìrọ̀lẹ́, a péjọ sínú tẹ́ńpìlì. Bàbá Rabsel ti ka ewé náà nígbà mẹ́ta.

"Ewé 312 ni ìwé náà," ni wọ́n wí. "A rí 301. A kò rí mọ́kànlá."

Ariwo sọ. Inú àwọn èèyàn dùn, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Nínú irú òjò yẹn, 301! Ẹnì kan ní, "Afẹ́fẹ́ burúkú mà ni o. Ọmọ náà gbìyànjú." Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò mí pẹ̀lú àánú. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń wò mí.

Bàbá Rabsel gbé ọwọ́ sókè. "Pákó rẹ̀ dà?"

Yudron fún mi lọ́wọ́. "Sọ pé ó bọ́ sínú kòtò omi," ló sọ sí mi létí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Omi kòtò náà ti kún, ó sì ń ṣàn lọ sínú odò. Mo wo ọwọ́ àwọn tó yí mi ká. Ẹrẹ̀ pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná gbogbo wọn. Mo dìde.

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́," ni mo wí. "Èmi ni mo yọ pákó náà kí n lè sáré. Mo fẹ́ bá bọ́ọ̀sì aago méjì lọ wo fíìmù. Ó wà ní ìdí igi máńgòrò."

Yudron náà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Èmi ni mo ní kó yọ ọ́."

"Mo rẹ́rìn-ín," ni Dolkyi wí láti ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé kí wọ́n nà wá. Bàbá Rabsel bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹgba kò lè kọ̀wé," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ inú ewé mẹ́wàá nínú wọn wà nínú ìwé àwọn mọ́ńkì tó wà ní òdìkejì ìlú. A lè dà á kọ. Lhakdon ló máa kọ ọ́."

"Mi ò mọ ìkọ̀wé tẹ́ńpìlì, Bàbá."

"Wàá mọ̀ ọ́n."

Nígbà náà ni Màmá Àgbà sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú, wọn kò tíì sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

"Ẹ ní mẹ́wàá, Rabsel. Ìkọkànlá ńkọ́? Èyí tó kẹ́yìn?"

Bàbá Rabsel tún àwọn ewé náà ṣí láti ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀. "Kò sí níbẹ̀, Màmá."

Ojú ewé tó kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Búdà. Ní abúlé Màmá Àgbà ní Tibet, nígbà tí wọ́n kọ ìwé náà tán, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ilé tó dá sí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn: èyí tó mú bébà wá, èyí tó mú yíǹkì wá, èyí tó bọ́ akọ̀wé. Ilé mẹ́tàlélógójì. Abúlé náà kò sí mọ́. Èèyàn mẹ́jọ ló jáde níbẹ̀ láàyè, Màmá Àgbà nìkan ló sì kù nínú wọn. Kò sí ibòmíràn láyé tí a kọ àwọn orúkọ náà sí.

Màmá Àgbà kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n mú ọ̀pá wọn. "Lọ mú pákó yẹn wálé," ni wọ́n wí, "kí ikán má tún jẹ ẹ́."

Mo ṣe ìdánwò kíláàsì kẹwàá ní oṣù Kẹta ọdún 1996, mo sì yege. Ṣùgbọ́n orúnkún Màmá Àgbà ti kọṣẹ́ pátápátá, nítorí náà mo wọ ilé iṣẹ́ rọ́ọ̀gì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin. Ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo fi parí kíláàsì kọkànlá àti ìkejìlá. Ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, tí a bá ti ṣíwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rabsel. Wọ́n fún mi ní kálámù ọparun àti pákó dúdú tí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú ẹfun sí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ lẹ́tà, tí mo ń pa á rẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan bébà.

"Kí nìyí?" ni wọ́n máa ń bi mí. "Lẹ́tà ni, àbí aláǹgbá tí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ pa?"

"Lẹ́tà ni, Bàbá."

"Ó ṣe mí láàánú. Tún un kọ."

Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo kọ ewé àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gbà á. Ewé kejì, ìgbà mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo fi dé ìkẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ ọ́. Bàbá Rabsel gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wá àṣìṣe, wọn kò rí. Inú bí wọn díẹ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ni.

Ní ti ewé tó kẹ́yìn, Màmá Àgbà ló ń kọ́ mi ní tiẹ̀. Wọn kò pè é ní ẹ̀kọ́. Láwọn àárọ̀ kan, bí wọ́n bá ti ń po tíì oníbọ́tà, wọ́n á sọ orúkọ ilé kan, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ilé Dzongtok. Àwọn ló ní màlúù onírun tó máa ń ta èèyàn nípàá. Ó ta bàbá mi nípàá nídìí."

Tàbí, "Ilé Shakor. Ìyàwó wọn mọ orin kọ. Kò mọ ọbẹ̀ sè."

Nígbà míì, ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá kí orúkọ kan tó jáde. Nígbà míì, méjì á jáde láàárọ̀ kan, inú wọn á sì dùn bí ẹni pé àwọn ará ilé náà ló kan ilẹ̀kùn. Ó dé àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Kejì ọdún 1998, wọ́n po tíì náà títí. Mo dúró pẹ̀lú kálámù mi.

"Mò ń rí ilẹ̀kùn wọn," ni wọ́n wí. "Ọ̀kan pupa, ọ̀kan ní ìwo àgbò lókè. Mi ò rí orúkọ mọ́."

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, a tún gbé ìwé yí oko ká. Kì í ṣe ọ̀dá ló fà á lọ́tẹ̀ yìí. Àgọ́ ní kí a dúpẹ́ ni. Bàbá Rabsel pe ilé wa, wọn kò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ mi. Ewé 312 wà nínú ìwé náà, títí kan ewé orúkọ tí mo kọ, pákó wà lókè, pákó wà nísàlẹ̀, okùn awọ sì mú un pinpin. Yudron rìn ní ọ̀tún mi, Dolkyi ní òsì. A rìn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, èjìká mi bó, n kò sì dúró níbì kankan. Ní ẹ̀gbẹ́ kòtò omi, Siddamma àti àwọn ọmọ rẹ̀ dúró dè wá, wọ́n tẹrí ba, mo fi ìwé náà kàn wọ́n lórí. Nígbà tí mo dé iwájú ilé wa, wọ́n ti gbé Màmá Àgbà jókòó sórí àga. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ran àwọn lọ́wọ́ dìde.

"Ọmọ ta nìyí?" ni wọ́n kígbe, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

"Ọmọ yín ni, Màmá!"

"Ẹ wò ó bí ó ṣe dúró ṣánṣán!"

N kò tíì rí ọjọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Màmá Àgbà kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní ọdún 1999.

Lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ Àgọ́ Kẹfà ní ìkọ̀wé tẹ́ńpìlì. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n lọ́dún yìí, méjì nínú wọn sì ti ń kọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Mo ń sọ fún wọn, bí mo ṣe ń sọ fún ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, pé ohun tí àwọn tó ṣáájú wa gbé lé wa lọ́wọ́ lè wúwo, ìwúwo náà sì nídìí. Ẹni tó fi pákó sí i ti mọ afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá ń kánjú, tí ọ̀rẹ́ yín bá sọ fún yín pé apá kan nínú rẹ̀ kò wúlò, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e ṣáájú yín. Tí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́. Òótọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe.

Ilé mẹ́tàlélógójì ló kọ orúkọ wọn sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Mọ́kàndínlógún la rí kọ padà. Orúkọ ilé mẹ́rìnlélógún ló sọnù.